Ìpẹ́ Márùn-ún Tí Kò Là

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Onígò fi ka ìpẹ́ ejò. Kì í ṣe ejò tó ń rìn o. Òkú ejò ni, èyí tó ti pẹ́ nínú sípíríìtì débi pé ara rẹ̀ ti gan bí okùn tí òjò pa tí oòrùn sì tún sá. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé àkójọ ẹranko ló ti ń ṣe iṣẹ́ náà, níbi tí fèrèsé kan ṣoṣo ti kọjú sí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lójú títì. Bàtà ló fi ń mọ àkókò: bàtà akọ̀wé láàárọ̀, bàtà ọmọ iléèwé lọ́sàn-án, bàtà tí a ń wọ́ nílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí òun náà bá wá wọ ọkọ̀ lọ sílé, ẹni tó bá jókòó tì í á rọra gbé imú sí ojú fèrèsé, nítorí òórùn sípíríìtì ti wọ aṣọ rẹ̀ ju ọṣẹ lọ.

"Ọ̀mùtí ni wọ́n ń pè mí lọ́kàn wọn," ló máa ń wí. "Àwọn ejò ló ń mu ún, èmi ni mo ń gbé òórùn rẹ̀ kiri."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó fẹ̀yìn tì, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń lé lọ. Àárẹ̀ tó ti di ará ilé ni, tó ti mọ ibi tí àga wà.

Láti mọ ejò kan yàtọ̀ sí ìkejì, kíkà ni. Ènìyàn á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á yí ikùn rẹ̀ sókè, á mú awò àti ẹ̀mú, á bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, á máa ka ìpẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé ìdí, á máa gún abẹ́rẹ́ kan sí ìpẹ́ kẹwàá kẹwàá kí ọkàn má baà ṣìnà. Bí ó bá ti ka igba ó dín mẹ́ta, tí ẹnìkan sì wọlé wá pé "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó di kí a tún ti ọrùn bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń kí Ìyá Onígò níbi iṣẹ́. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn, òun á na ìka kan sókè láìwẹ̀yìn, wọ́n á dúró bí ẹni tó ń retí ọba.

Bí ó bá wá dájú pé ejò kan yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí ayé ti mọ̀, ẹni tó rí ìyàtọ̀ rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ méjì ni: ti agbo ilé á ṣáájú, àbísọ á tẹ̀lé e, ní èdè Látìn tí kò sẹ́ni tó fi ń ra iyọ̀ mọ́. Wọn á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀. Wọn á wá fi òkú ejò kan ṣoṣo sínú ìgò, wọn á so tẹ́ẹ̀pù pupa mọ́ ìgò náà lọ́rùn. Ìgò ẹlẹ́rìí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lórí orúkọ náà títí ayé, ọ̀dọ̀ ìgò yẹn ni yóò wá. Òfin kan sì wà tó ga ju gbogbo òfin wọn lọ: ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ló sọ ọ́. Bí orúkọ náà burú, bó tilẹ̀ jẹ́ irọ́, òun lorúkọ.

Ejò iyùn ni èyí tí Ìyá Onígò fẹ́ sọ lórúkọ kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òrùka pupa, òrùka dúdú, òrùka yẹ́lò, wọ́n yí i ká láti orí dé ìrù, bí ẹni tó kó iyùn sọ́rùn títí ọrùn fi tán. Ó rẹwà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ oró rẹ̀ kì í dun ni. Oorun ni í kọ́kọ́ mú wá. Ìpéǹpéjú á wálẹ̀, ahọ́n á wúwo, lẹ́yìn náà ni èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àtilọ.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló mú un. Agbéjò ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ríran ju ti àwọn tó kàwé lọ, òun ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì máa ń rán nígbàkígbà tó bá fẹ́ ejò láti inú igbó. Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ó rán an lọ sí etí odò kan, nítorí apẹja kan sọ pé òun rí ejò iyùn tí dúdú orí rẹ̀ rí bí ṣíbí. Agbéjò mú ejò. Ejò náà mú Agbéjò, ní awọ tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e, lọ́wọ́ òsì. Nítorí pé kò dùn ún, ó ká ejò sínú àpò, ó ra búrẹ́dì, ó wọ ọkọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gba ẹrù yín," ló wí, kó tó ṣubú lulẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lórí ẹ̀rọ tó ń bá a mí. Ó yè é, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò jí mọ́, ẹsẹ̀ òsì sì ń jí ní ọjọ́ tó bá wù ú. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní ilé alájà mẹ́ta tí ṣọ́ọ̀bù olóògùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sọ ọ́ rí pé "Ẹ̀yin lẹ rán mi." Ì bá sọ ọ́, ì bá sàn. Àìsọ rẹ̀ ló wúwo.

Ẹ̀gbọ́n ló ṣe ìlérí, níbi tó ti jókòó ti ibùsùn nílé ìwòsàn: "Orúkọ rẹ ni ejò yẹn yóò máa jẹ́. Bí ayé bá ṣì wà, wọn á máa pè ọ́." Ṣùgbọ́n ejò kan ò tó jẹ́rìí, ó lè jẹ́ pé abàmì ọmọ kan ṣoṣo ni. Ọdún mẹ́rìnlá kọjá kí mẹ́ta mìíràn tó wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún márùn-ún tó tẹ̀lé e lọ sí kíkọ, títún kọ, àti ìdáhùn sí àwọn onímọ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n sọ pé "kò dá wa lójú."

Ohun tó dá a yàtọ̀ wà lábẹ́ ìrù rẹ̀. Gbogbo ìpẹ́ abẹ́ ìrù àwọn ìbátan rẹ̀ là sí méjì, láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ti èyí, márùn-ún àkọ́kọ́ kò là. Lára ejò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, márùn-ún géérégé, bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù.

Nígbà tó yá, wọ́n gbà. Ìwé àtẹ̀wò ti dé láti ọ̀dọ̀ olóòtú ìwé ìròyìn náà, ó kù kí ó kọ "Ó dára" padà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lópin oṣù. Agbéjò ti ròyìn fún olóògùn, ó ti ròyìn fún onígbàjámọ̀. "Ẹ rọra gẹ̀ mí o," ló sọ fún ìyẹn, "orí ejò lẹ dì mú yẹn." Ìròyìn míì ò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ti ilẹ̀kùn wọlé, "Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́?" ni ìkíni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀yìn tì ní ilé àkójọ yẹn gbọ́dọ̀ ṣí gbogbo ìgò tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kó bu sípíríìtì kún èyí tó ti gbẹ, kó sì fọwọ́ sí ìwé. Ó ti ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ náà ló kan pákó ìsàlẹ̀ pátápátá, lọ́dọ̀ àwọn ejò tí kò lóró, tó jẹ́ pé kí ènìyàn kúnlẹ̀ ni. Orúnkún rẹ̀ ké, òun náà ké. Lẹ́yìn pátápátá ló ti bá ìgò ẹlẹ́rìí kan, tẹ́ẹ̀pù ọrùn rẹ̀ ti di àwọ̀ tíì. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ejò inú rẹ̀ funfun, ó dúdú, ó funfun, ó dúdú. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ìwé pélébé inú rẹ̀ kò ju Olórùka Funfun lọ, ní èdè Látìn.

Ó da sípíríìtì sí i. Ejò náà yí padà nínú ìgò bí ẹni tí wọ́n fa aṣọ ìbora lára rẹ̀, ó sì kọ abẹ́ ìrù sí i lójú.

Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ìkẹfà là.

Ó yọ ọ́ síta. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó nu awò, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ó fi ẹ̀mú ṣí ẹnu rẹ̀, ó bá eyín kúkúrú méjì níwájú, oníhò bí abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì. Dúdú orí rẹ̀ rí bí ṣíbí. Ìyá Onígò fi ìdí lélẹ̀ lórí símẹ́ńtì tútù yẹn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, kò sì ka nǹkan kan mọ́.

Sípíríìtì a máa mu pupa. Ohun àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ nìyẹn: pupa ni í kọ́kọ́ lọ, yẹ́lò á sìn ín, dúdú ni í ṣẹ́kù. Bàbá onímọ̀ tó sọ ejò yìí lórúkọ kò kúrò nídìí tábìlì rẹ̀ rí. Nígbà tí òkú náà fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú àgbá ọtí, lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan lórí omi, pupa ti tán lára rẹ̀. Ó kọ ohun tó rí. Ó rí funfun, ó kọ funfun. Kò ṣí ẹnu rẹ̀ wò, ó kọ pé kò lóró, ó sì tì í sí agbo ilé àwọn onírẹ̀lẹ̀.

Ejò Agbéjò ti lórúkọ, kí a tó bí ìyá tó bí wọn. Bí wọ́n bá sì gbé e kúrò láàárín àwọn onírẹ̀lẹ̀ wá sí agbo ilé àwọn olóró, àbísọ rẹ̀ á bá a wá, bí ìyàwó tó di ẹrù rẹ̀ tẹ̀lé ara rẹ̀. Ejò tó pupa jù lórí ilẹ̀ á máa jẹ́ Olórùka Funfun títí láé.

Ó gbé ìgò náà lọ bá Ọ̀gá Kékeré lókè. Òun ni olórí ilé náà báyìí, ṣùgbọ́n Ìyá Onígò ló kọ́ ọ bí a ṣe ń di ẹ̀mú mú, orúkọ tó sọ ọ́ nígbà náà ni wọ́n sì ń pè é dòní, kódà lẹ́yìn tó ti yọ ikùn.

"Kà á," ló wí.

Ọ̀gá Kékeré kà á. Ó gbé awò sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Mà, mi ò rí nǹkan kan. Ojú ló ń dùn mí láti àná."

"Ojú ọmọ ogójì ọdún? Èmi tí mo ti fẹ́ pé márùndínláàádọ́rin rí i."

"Ó lè jẹ́ pé ó kàn ṣèèṣì bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Èèṣì márùn-ún lórí ìlà kan?"

Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. "Ẹ gbọ́, Mà. Ìgò yìí ti wà lábẹ́ pákó yẹn kí ilé yìí tó ní iná. Ta ló fẹ́ lọ kúnlẹ̀ síbẹ̀? Ẹ dá a padà. Ẹ kọ 'Ó dára,' kí ẹ lọ sinmi. Ó dìgbà tí ẹlòmíì bá rí i, bóyá ní ogún ọdún."

"Tó bá wá rí i, kí ni wọ́n á ṣe sí orúkọ àbúrò mi?"

 Àwọn méjèèjì mọ ìdáhùn rẹ̀. Lábẹ́ orúkọ òtítọ́ ejò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń to àwọn orúkọ tó ti kú sí, ní lẹ́tà wínníwínní, pẹ̀lú ọdún tí ẹnìkan ṣe àṣìṣe. Ìyá Onígò fúnra rẹ̀ ti rán orúkọ tó lé ní ogójì lọ síbẹ̀. Àwọn kan jẹ́ orúkọ olùkọ́ ẹnìkan, àwọn kan jẹ́ ti ìyàwó tó ti kú. Bàbá kan sunkún sí i létí lórí fóònù nígbà kan. "Òfin ni, sà," ló fi dá a lóhùn, ó sì padà sídìí kíkà rẹ̀.

Kò dá ìgò náà padà. Ó fi sórí tábìlì Ọ̀gá Kékeré, ó mú àpò, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sílé nígbà tí bàtà àwọn ọmọ iléèwé ṣì wà lójú títì.

Agbéjò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi orúnkún méjèèjì há ọsàn kan mú, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún bó o.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Oòrùn ò tíì wọ̀ o. Ṣé wọ́n lé yín ni, àbí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́?"

"Wọn ò lé mi."

"Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn! Ẹ mú un wá, ẹ mú un wá."

"Jẹ́ kí n jókòó ná."

"Ẹ jókòó. Ṣé èmi ni mo di àga mú?"

Ó jókòó, àpò wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sọ fún un láìbu iyọ̀ sí i, bí ẹni tó ń ka ìwé ẹrù: pákó ìsàlẹ̀, ìgò, ìpẹ́ márùn-ún, òrùka funfun. Agbéjò kò bó ọsàn mọ́.

"Funfun kẹ̀?"

"Funfun."

"Ejò yẹn? Tó pupa bí ata tó bọ́ sójú?"

"Sípíríìtì ló mu ún."

"Wọn ò wá lè yí irọ́ yẹn padà?"

"Wọn ò lè yí i. Òun ló ṣáájú."

"Bí ẹnìkan bá sọ olè ní Olóòótọ́ ń kọ́?"

"Olóòótọ́ ni yóò máa jẹ́."

"Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí, orí yín ò pé."

"Kò pé," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Agbéjò kọjú síta. "Ta ló tún mọ̀?"

"Ọ̀gá Kékeré."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n dá ìgò padà, kí n dákẹ́."

"Ọmọ gidi. Mo ti ń sọ ọ́ látọjọ́ pé ọmọ yẹn lọ́pọlọ." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò jìnnà. "Ẹ ti wá kọ̀wé sí olóòtú?"

"Rárá. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ."

"Kí n lè ṣe kí ni?"

"Kí o lè mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi." Ó yí ojú kúrò níta. "Ṣé kí n lè mọ̀ ni, àbí kí n lè ní kí ẹ dákẹ́? Tí mo bá ní kí ẹ dákẹ́, ẹ ó dákẹ́, ẹ ó ní nítorí mi ni. Tí mo bá ní kí ẹ sọ, ẹ ó sọ, ẹ ó ní mo ti yọ̀ǹda. Bó ti wù kó jẹ́, ẹ fẹ́ kí ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Ọwọ́ kan ló sì kù mí o."

 Òótọ́ ni. Láti inú ọkọ̀ ló ti ń gbàdúrà pé kí àbúrò òun bínú, kó lu tábìlì, kó ní "Ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́," kí òun lè rí ibi fara pamọ́ sí.

"Mo fẹ́ orúkọ yẹn," ni Agbéjò ń bá a lọ. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ̀tù sí mi. Mo fẹ́ ẹ gan-an ni. Mi ò bímọ, mi ò kọ́lé, nǹkan kan ṣoṣo tí mo rò pé yóò dúró dè mí nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín sọ ohun tí ẹ ó ṣe."

"Èmi ni mo rán ọ lọ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí ẹni tó sọ ọ́ rí nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tó wá jáde, ó kéré bí ẹ̀pà.

"Mo mọ̀," ni Agbéjò wí. "Mo wà níbẹ̀."

"Mo rò pé tí orúkọ rẹ bá ti wọ ìwé, á fúyẹ́."

"Kò lè fúyẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ejò tín-ín-rín yẹn, kí ló fẹ́ fi gbé e?"

Ìyá Onígò dìde, ó lọ sídìí tábìlì, ó ṣí kọ̀ǹpútà. Ìlà mẹ́rin ló kọ sí olóòtú. Ó ní kí wọ́n má tẹ iṣẹ́ òun. Ó ní ejò náà ti lórúkọ, ó kọ orúkọ náà àti ọdún tí wọ́n sọ ọ́. Ó ní agbo ilé àwọn olóró ló yẹ kí ó wà, kí a tètè kìlọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn tó ń lo ìwé àtijọ́. Ó tọrọ àforíjì. Nígbà tó kan kí ó fi ránṣẹ́, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó sinmi díẹ̀, bí ẹni tó gun àtẹ̀gùn dé ìdajì. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ẹ́.

"Mo ti fi ránṣẹ́."

"Mo gbọ́."

Ó padà wá jókòó. Agbéjò ti bó ọsàn náà tán, ó ń la á sí abala abala, omi rẹ̀ ń kán sórí ṣòkòtò rẹ̀.

"Ta ló mú èyí ọjọ́un?" ló bi í.

"Èwo?"

"Èyí funfun. Ejò kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ìgò. Ẹ ní bàbá tó sọ ọ́ lórúkọ kò kúrò nídìí tábìlì. Ta ló mú un?"

Ó ronú sí ìwé pélébé náà. Orúkọ ejò wà níbẹ̀, orúkọ bàbá onímọ̀, orúkọ odò kan, ọdún. "Wọn ò kọ ọ́."

"Wọn ò kọ ọ́ rárá?"

"Rárá."

Agbéjò jẹ abala ọsàn kan, ó tu hóró rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. "Ejò náà bù ú jẹ," ló wí.

"A ò lè mọ̀."

"Èmi mọ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ mú ejò yẹn, á bù ú jẹ, kò sì ní dùn ún. Á wo ojú ibẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Á gbé e lọ fún ẹni tó rán an, á ní, 'Ọ̀gá, èyí ò lóró o, ó ti gé mi jẹ, ẹ wò mí, kò ṣe mí ní nǹkan kan.' Ìyẹn á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lóró." Ó ju hóró náà síta láti ojú fèrèsé. "Á wá ní ó rẹ òun, kí òun lọ sùn díẹ̀."

 Láti ọgọ́rùn-ún ọdún wá, kò sí onímọ̀ kankan, títí kan Ìyá Onígò, tó bèèrè bí bàbá onímọ̀ ṣe mọ̀ pé ejò náà kò lóró.

Agbéjò na ìyókù ọsàn sí i. Ó gbà á, ó dì í mú. Olóògùn ń fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wálẹ̀ nísàlẹ̀, ilé ti ń ṣú bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kí ẹnìkan dìde tan iná, kó gbé oúnjẹ kaná. Wọ́n jókòó síbẹ̀. Kò sí ẹni tó dìde.